Ẹnu Ta Lo Ti Gbọ́ Ọ?

Ọmọ àbúrò mi kò tíì sọ báàgì ẹ̀yìn rẹ̀ kalẹ̀ tó fi na ìwé sí mi. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, ọyẹ́ ti gbẹ ètè gbogbo wa ní Ọ̀tan Ayégbajú, èmi sì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń ṣa ẹ̀wà. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo orí kejì próójẹ́ẹ̀tì mi. Ọjọ́ mẹ́wàá ló kù tí màá fi gbé e fún olùkọ́ mi." Ó wà ní ọdún àṣekágbá ní yunifásítì, ìmọ̀ ìtàn ló ń kọ́, ìtàn ìlú Ọ̀tan ló sì mú láti kọ. Ìlú ìyá rẹ̀ ni, ó rò pé kò ní nira.

Mo gbé ẹ̀wà sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo wá awò ojú mi. Ojú ewé kẹrin ni àyà mi ti kọ́kọ́ já. Ọ̀tan tó ń kọ nípa rẹ̀ níbẹ̀ kì í ṣe Ọ̀tan tí a jókòó sí yìí. Ọ̀tan Ilé ni, èyí tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Obòkun ní apá Ìjẹ̀ṣà. Tiwa yìí, Ọ̀tan Ayégbajú, ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Bólúwadúró, tí Ìrèsì àti Ìgbájọ jẹ́ aládùúgbò rẹ̀. Nígbà tí mo fi máa dé ojú ewé kẹsàn-án, ó ti po ìlú méjèèjì pọ̀ bí ẹni po èlùbọ́ mọ́ gàrí: ọjà tibí, odò tọ̀hún.

Mo wá ṣí ẹ̀yìn ìwé náà, mo wo orúkọ àwọn ìwé tó ní òun lò. Mọ́kànlá ni. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé kí n tó fẹ̀yìn tì, bí ìwé kan bá sì wà láyé, mo mọ ọ̀nà tí mo lè gbà tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Mo wá mẹ́ta nínú wọn títí ilẹ̀ fi ṣú. Orúkọ òǹkọ̀wé wà, ọdún wà, ilé ìtẹ̀wé wà, iye ojú ewé pàápàá wà. Ìwé ni kò sí.

Mo pè é jókòó. "Ẹnu ta lo ti gbọ́ èyí?"

"Íntánẹ́ẹ̀tì ni, Mọ́mì."

Ó dá mi lóhùn bí ẹni pé Íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́ bàbá arúgbó kan tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ààfin, tó ń ro ìtàn fún ẹni tó bá ń kọjá. Nígbà tí mo bi í síwájú sí i, ó jẹ́wọ́ pé ChatGPT ló kó orúkọ àwọn ìwé náà fún òun. Ó béèrè, ẹ̀rọ dáhùn, òun sì dà á kọ.

N kò bá a jà. Ọmọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Láti kékeré ló ti ń ṣáájú ní kíláàsì, ó sì ti lo ọdún mẹ́rin gbáko nínú yunifásítì. Ohun tó ń dùn mí ni pé nínú ọdún mẹ́rin náà, kò sí ẹnì kan tó jókòó tì í, kó kọ́ ọ bí a ti ń wá ọ̀rọ̀, bí a ti ń yẹ ọ̀rọ̀ wò, àti bí a ti ń mọ ẹni tó sọ ọ́ àti ìdí tó fi sọ ọ́. Ẹ̀bi yẹn kì í ṣe tirẹ̀. Lára rẹ̀ wà lọ́rùn àwa tí a ń ṣiṣẹ́ ilé ìkàwé, lára rẹ̀ wà lọ́rùn àwọn olùkọ́ yunifásítì.

Ọjọ́ 30, oṣù kọkànlá, ọdún 2022 ni wọ́n gbé ChatGPT jáde fún gbogbo ayé. Ó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́: ó ti ka ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ, ó sì ń to ọ̀rọ̀ tó jọ pé ó yẹ kó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀. Bí o bá béèrè orúkọ ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe orí pẹpẹ ló ń wò. Ó lè mú ìwé tó wà lóòótọ́ bọ̀, ó sì lè hun èyí tó jọ ìwé láti inú èyí tó ti rí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, adájọ́ kan ní New York bu owó ìtanràn dọ́là 5,000 lé àwọn agbẹjọ́rò méjì àti ilé iṣẹ́ wọn, nítorí pé wọ́n kó ẹjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò dá rí wá síwájú ilé ẹjọ́. ChatGPT ló kó ẹjọ́ náà fún wọn. Bí ó bá lè ṣẹlẹ̀ sí lọ́yà tó ti ń ṣiṣẹ́ tipẹ́, kí ni ká wí fún ọmọ ọdún méjìlélógún tó ń kánjú?

Yorùbá ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Bí a ti ń wá ọ̀rọ̀ àti bí a ti ń yẹ̀ ẹ́ wò tí mò ń sọ yìí, mọ̀ọ́wá-mọ̀ọ́yẹ̀wò ni mo máa ń pè é. Paul Zurkowski, ọmọ Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ fún un lórúkọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1974, nínú ìròyìn tó kọ fún ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé ìkàwé lọ́hùn-ún. Ohun tó rí ni pé ọ̀rọ̀ ti pọ̀ ju ẹni tó mọ̀ ọ́n lò lọ, àti pé ẹni tó bá máa jẹun nídìí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ṣe ń fi ìròyìn yanjú ìṣòro. Lọ́dún 1974, kò sí fóònù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kò sí WhatsApp.

Ṣùgbọ́n orúkọ nìkan ni Zurkowski sọ ọ́. Nǹkan náà fúnra rẹ̀ ti wà nílẹ̀ yìí kó tó dáyé.

Ní ọjọ́ kejì, mo mú ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ bàbá àgbà kan ní agbo ilé wa, ẹni tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú ṣùgbọ́n tí iyè rẹ̀ jí pépé. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí i, ó tan ẹ̀rọ fóònù sílẹ̀ láti gba ohùn, ó ní kí Bàbá sọ ìtàn Ọ̀tan fún òun. Bàbá kò bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ó kọ́kọ́ ní: "Ìyá mi, mẹ́ta ni ohun tí màá sọ. Èyí tí mo fojú mi rí wà. Èyí tí bàbá mi sọ fún mi wà, òun náà ló fojú rí i. Èyí tí gbogbo ìlú ń wí, tí ẹnì kan ò sì mọ ẹni tó kọ́kọ́ wí i, òun náà wà. Màá máa sọ fún ọ bí mo bá ti kúrò nínú ọ̀kan bọ́ sí òmíràn. Má pò wọ́n pọ̀."

Ọmọ náà wò mí. Èmi náà wò ó.

Ní ọdún 1986, Barry Hallen, ọmọ Amẹ́ríkà, àti J. Olubi Sodipo, ọ̀jọ̀gbọ́n fìlọ́sọ́fì tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Ifẹ̀, tẹ ìwé kan jáde tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ Knowledge, Belief and Witchcraft. Wọ́n ti lọ jókòó ti àwọn oníṣègùn ní ilẹ̀ Èkìtì, wọ́n sì fara balẹ̀ bi wọ́n ohun tí wọ́n ń gbà lọ́kàn bí wọ́n bá ní "mo mọ̀" àti bí wọ́n bá ní "mo gbà gbọ́". Ohun tí wọ́n bá bọ̀ yà wọ́n lẹ́nu. Lọ́dọ̀ àwọn àgbà wọ̀nyẹn, ohun tí èèyàn fojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, nìkan ni ìmọ̀. Gbogbo ohun tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, ìgbàgbọ́ ni, bó ti wù kí ẹni náà níyì tó, títí a ó fi dán an wò. Òyìnbó máa ń ní òun mọ ohun tó kà nínú ìwé. Àgbà Yorùbá kì í sọ bẹ́ẹ̀ ní wàrà. Ìròyìn kò tó àfojúbà.

Ìdí nìyí tí inú mi kì í fi í dùn nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ ọmọ wa ní ẹ̀kọ́ yìí bí ohun àjèjì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti ìlú òyìnbó. Ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn oníláíbìrì yunifásítì Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 2016 sọ pé àṣẹ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sinmi lórí ibi tó ti ń sọ ọ́ àti ohun tí a fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà ṣe. Bàbá wa ní Ọ̀tan kò ka ìlànà yẹn rí. Ohun tó sọ fún ọmọ yẹn kò yàtọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń kọ́ wọn ní yunifásítì. Bí ọmọ tuntun bá wọlé, a ó kó wọn jọ sí gbọ̀ngàn, a ó sọ ohun tí kò gbọdọ̀ wọ ilé ìkàwé fún wọn, oúnjẹ, báàgì, ariwo. A ó fi ibi ìyáwèé hàn wọ́n. Lẹ́yìn èyí, ẹ̀kọ́ kan máa ń wà lára àwọn ẹ̀kọ́ kàńpá, tí àjọ NUC tó ń bójú tó àwọn yunifásítì fi sínú ìlànà rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún: Use of Library, Study Skills and ICT. Ní Ifẹ̀, LIB 001 ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Èmi náà ti kọ́ irú rẹ̀. Mo ti dúró níwájú ọmọ tó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ, pẹ̀lú makirofóònù tó ń hu, tí àwọn tó wà lẹ́yìn kò rí ojú mi, tí èmi náà kò sì gbọ́ ohùn ẹni tó bá ní ìbéèrè. Nígbà ìdánwò, a ó fún wọn ní ìdáhùn mẹ́rin kí wọ́n mú ọ̀kan. Ta ló dá ètò Dewey sílẹ̀? Melvil Dewey. Ọdún wo? 1876. Nọ́ńbà wo ni ìtàn Nàìjíríà? 966.9. Wọ́n á gbà á dáadáa. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ọmọ tó gba máàkì 80 á wá dúró níwájú mi, á ní, "Mà, mi ò mọ ibi tí mo ti lè bẹ̀rẹ̀."

Ó pẹ́ kí ó tó yé mi pé a kì í kọ́ èèyàn ní bí a ti ń kọ ebè nínú yàrá. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ọmọ dé yunifásítì, kò tíì ní ìbéèrè kankan lọ́wọ́. Oko kò sí, ọkọ́ la gbé lé e lọ́wọ́. Ìgbà tí olùkọ́ rẹ̀ bá fún un ní iṣẹ́, tí orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, tó ń wá ibi tó máa gbà wọlé, ìgbà náà ni etí rẹ̀ ń ṣí. Ìgbà náà sì ni oníláíbìrì kì í sí nítòsí.

Nítorí náà, ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju ọ̀kan lọ: kí ẹ gbé ẹ̀kọ́ yìí kúrò nínú gbọ̀ngàn, kí ẹ gbé e wọ inú kíláàsì tí iṣẹ́ wà. Kí olùkọ́ àti oníláíbìrì jọ jókòó kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n jọ kọ iṣẹ́ tí àwọn ọmọ máa ṣe, kí oníláíbìrì wọ kíláàsì ní ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ náà délẹ̀, kí ó sì padà wá nígbà tí wọ́n bá ti wá a dé ìdajì.

Ẹ wo ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Olùkọ́ rẹ̀ ní kó kọ nípa àrùn ewé gbágùúdá. Bó bá tẹ ìbéèrè náà sínú Google nìkan, ohun tó máa kọ́kọ́ bá pàdé ni ojú ewé ẹni tó ń ta oògùn. Oníláíbìrì á jókòó tì í. Á ní: orúkọ mélòó ni nǹkan yìí ń jẹ́? Nílé, ẹ̀gẹ́, pákí, gbágùúdá ni. Àwọn òyìnbó ń pè é ní cassava, àwọn tó ń kọ Faransé ń pè é ní manioc, orúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni Manihot esculenta. Ẹni tó bá fi orúkọ kan ṣoṣo wá a, díẹ̀ nínú ohun tó wà ló máa rí. Lẹ́yìn náà, á mú un lọ sí AGORA, tí àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ àgbáyé dá sílẹ̀ lọ́dún 2003 kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ní irú ilẹ̀ wa lè ka jọ́nà olówó gọbọi lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí lówó pọ́ọ́kú. Hinari, tó jẹ́ ti ìmọ̀ ìlera, ti wà ṣáájú rẹ̀, láti ọdún 2002. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń yá owó dátà láti ka pàǹtí orí íntánẹ́ẹ̀tì, nígbà tí ilé ìkàwé iléèwé rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́ sí Hinari, tí ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún un. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí títí dòní.

Fún ọmọ tiwa tó ń kọ ìtàn ńkọ́? Ọ̀sán ọjọ́ kan gbáko la lò lórí tábìlì ìjẹun. Mo kọ́kọ́ jẹ́ kó yé e pé ẹ̀rọ kì í gbọ́ ohùn. Ìlá tí Ọ̀ràngún jọba lé lórí, ilá tí à ń fi jẹ àmàlà, ilà tí wọ́n ń kọ sójú, bí o bá tẹ̀ wọ́n láìfi àmì sí i, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ tí o bá fi tì í lẹ́yìn ló máa yà wọ́n sọ́tọ̀. Bákan náà ni Ọ̀tan: má ṣe tẹ Otan lásán, fi Ayegbaju tì í, fi Boluwaduro tì í, fi Ila tì í.

Lẹ́yìn náà ni mo bi í pé: ìgbà wo ni Ọ̀ṣun di ìpínlẹ̀? Ó mọ̀ ọ́n, ọjọ́ 27, oṣù kẹjọ, 1991. Mo ní, nítorí náà, ta ló máa kọ "Osun State" sára ìwé kankan ṣáájú ọjọ́ yẹn? Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ la jẹ́ láti 1976. Western State la jẹ́ láti 1967. Western Region ni ṣáájú rẹ̀. Ní ayé òyìnbó, abẹ́ Ọ̀yọ́ Province la wà, "Oshun" tó ní h ni wọ́n sì ń kọ sára fáìlì. Ẹni tó bá tẹ Osun State ṣáájú gbogbo ohun tó ń wá ti fọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ìtàn àwọn bàbá rẹ̀. Ìgbómìnà ńkọ́? Àwọn ìwé àtijọ́ kan ń kọ ọ́ ní Igbona. Òyìnbó sì pín àwa Ìgbómìnà sí méjì: wọ́n fi apá Ìlá sínú Ìwọ̀ Oòrùn, wọ́n fi ìyókù sínú Ìlọrin Province ní Òkè Ọya. Ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni pé ìwé ìjọba nípa apá tiwa wà ní National Archives tó wà nínú ọgbà yunifásítì Ìbàdàn, ibi tí òpìtàn Kenneth Dike bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1954, nígbà tí ti àwọn ará wa tó kù wà ní Kaduna. Ẹbí kan náà, àpótí méjì, ìrìn ọjọ́ kan láàárín wọn. Kò sí ẹ̀rọ kankan tó sọ èyí fún ọmọ náà. Èèyàn tó mọ ọ̀nà ló yẹ kó sọ ọ́ fún un, lọ́dún kìn-ín-ní tó ti wọlé.

Ó ní òun ti lo ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, nítorí náà ohun tó kọ níbẹ̀ dájú. Mo ní ìwé ńlá ni, ojúlówó sì ni. Ṣùgbọ́n ta ni Johnson? Àlùfáà ni, Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́ ló ti lo ọ̀pọ̀ ayé rẹ̀, àwọn tó sún mọ́ ààfin Ọ̀yọ́ ló gbọ́ ọ̀pọ̀ ìtàn lẹ́nu wọn. Ó parí rẹ̀ lọ́dún 1897, ó fi ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sọ ọ́ nù. Ó kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló tún un kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tó kù, ọdún 1921 ló tó jáde. Nígbà ogun Kírìjí tí Ìbàdàn bá Èkìtìparapọ̀ jà, Ìgbájọ tó wà nítòsí wa níhìn-ín ni Ìbàdàn dó sí, Ìlá sì wà lẹ́yìn Èkìtìparapọ̀. Nígbà tí ẹni tó ń gbé Ọ̀yọ́ bá ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìlú Ìgbómìnà, a ó gbọ́ ọ, a ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a ó sì bi ará Ìgbómìnà náà. Ọmọ náà dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní: "Mọ́mì, olùkọ́ wa kò sọ irú èyí fún wa rí. Wọ́n ní ká sáà ti máa to orúkọ ìwé dáadáa ni."

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Olùkọ́ mọ ìtàn. Oníláíbìrì mọ ibi tí ìtàn sùn sí. Nílẹ̀ wa, àwọn méjèèjì jẹ́ òṣìṣẹ́ onímọ̀ nínú yunifásítì, ẹgbẹ́ ASUU kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe, síbẹ̀ wọ́n lè jọ wà lórí ilẹ̀ kan fún ogún ọdún kí wọ́n má jọ kọ́ kíláàsì kan ṣoṣo rí. Àwọn olùkọ́ mìíràn máa ń rò pé a fẹ́ gba wákàtí wọn. Àwọn oníláíbìrì mìíràn ń bẹ̀rù kíláàsì ju bí ọmọ ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́ lọ. Àyè sì wà nínú òfin. Nínú ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun tí NUC gbé jáde, CCMAS, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2023, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ni àjọ náà là sílẹ̀, ó fi ìdá 30 sílẹ̀ fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan láti fi ohun tó bá ìlú rẹ̀ mu kún un. Inú ìdá 30 yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ̀kọ́ yìí wọ̀, ní ọdún kìn-ín-ní títí dé ọdún àṣekágbá, kí ó sì ní máàkì tirẹ̀. Ohun tí kò bá ní máàkì, akẹ́kọ̀ọ́ wa kì í kà á sí. Bí olùkọ́ bá fún ìwé àkọsílẹ̀ ìwádìí ní máàkì mẹ́wàá, tí ọmọ kọ ọ̀rọ̀ tó fi wá a sínú rẹ̀, ibi tó wá a dé, èyí tó jù nù àti ìdí tó fi jù ú nù, a ó rí ìyàtọ̀ kí ọdún tó yí po.

Ṣùgbọ́n ìdajì ìṣòro yìí wà nílé àwa oníláíbìrì. Ìgbà tí èmi kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ̀kọ́ ìtòwé ni ọba gbogbo ẹ̀kọ́. Mo mọ bí a ti ń kọ káàdì, mo mọ ibi tí àmì ìdánudúró ń wà lórí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi bí a ti ń dúró níwájú ọmọ kí ọ̀rọ̀ tó yé e. Ẹ wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni tó wà ní Ìlá Ọ̀ràngún: kí wọ́n tó jáde, dandan ni kí wọ́n lọ kọ́ni ní iléèwé gidi, kí olùkọ́ wọn jókòó sẹ́yìn kíláàsì máa wò wọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ ilé ìkàwé náà máa ń lọ sí ibi iṣẹ́ fún ìdánrawò. Nọ́ńbà ni wọ́n sábà máa ń ní kó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìwé.

Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn tó dá iṣẹ́ yìí sílẹ̀ nílẹ̀ wa rí jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbàdàn ni ilé ẹ̀kọ́ ilé ìkàwé àkọ́kọ́ ní yunifásítì Nàìjíríà wà, owó Carnegie Corporation ti New York ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọdún 1960 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ wọlé. Ibẹ̀ ni Felicia Adetowun Ogunsheye ti ṣiṣẹ́. Ọdún 1926 ni wọ́n bí i, ẹ̀gbọ́n Victor Banjo ọmọ ogun ni. Ó kọ́ ìmọ̀ ilẹ̀ ayé ní Cambridge, ó lọ kọ́ iṣẹ́ ilé ìkàwé ní Simmons ní Boston, nígbà tó sì di 1973, ó di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Nàìjíríà. Oníláíbìrì ni. Ó yẹ kí gbogbo ọmọ tó ń tijú pé iṣẹ́ ilé ìkàwé ni òun ń kọ́ mọ orúkọ yẹn.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni Abadina. Àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ ni, nínú ọgbà yunifásítì Ìbàdàn, ibi tí àwọn ọmọ awakọ̀ àti ọmọ olùtọ́jú ọgbà ń gbé. Ní àwọn ọdún 1970, Ogunsheye gbé ilé ìkàwé kalẹ̀ fún àwọn ọmọ wọ̀nyẹn, èyí tí wọ́n wá ń pè ní Abadina Media Resource Centre, ó sì so ó mọ́ ẹ̀ka tó ń kọ́ àwọn oníláíbìrì. Ẹ ronú sí i. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan kò dúró de ìgbà tí ọmọ á wọ yunifásítì kó tó kọ́ ọ ní bí a ti ń béèrè. Ọ̀dọ̀ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló gbé e lọ, ibẹ̀ náà sì ni ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ ilé ìkàwé ti lè fojú rí bí ọmọ ṣe ń wá nǹkan, ibi tó ti ń sọnù, ìgbà tí ojú rẹ̀ ń là. Ọdún 1995 ni òfin tó dá ìgbìmọ̀ ìforúkọsílẹ̀ àwọn oníláíbìrì sílẹ̀ jáde. Bí ìgbìmọ̀ yẹn bá bi mí, mo máa ní kí wọ́n má ṣe fún ẹnikẹ́ni níwèé ẹ̀rí tí kò bá tíì kọ́ kíláàsì kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, lójú ẹni tó mọ iṣẹ́ ìkọ́ni.

Ẹlòmíràn á ní ọ̀rọ̀ ìwé lásán nìyí. Ó ti gbàgbé oṣù kẹjọ ọdún 2014. Ọjọ́ 20 oṣù keje ni Ebola wọ Èkó. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìròyìn kan gba orí fóònù káàkiri Nàìjíríà, pé kí gbogbo èèyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́, kí wọ́n sì mu ún, Ebola kò ní lè wọlé. Wọ́n ní orógbó náà ń wò ó. Ní ìlú wa níhìn-ín, mo gbọ́ tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn ara wọn ní aago mẹ́rin òru. Ẹni tó kan tiwa kàwé, ó ní ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́. Àwọn ìwé ìròyìn kọ ọ́ pé èèyàn méjì kú nítorí omi iyọ̀ yẹn, ọ̀pọ̀ sì dé ilé ìwòsàn. Ebola fúnra rẹ̀ pa èèyàn mẹ́jọ nínú ogún tó mú, kí àjọ ìlera àgbáyé tó kéde lọ́jọ́ 20 oṣù kẹwàá pé ó ti kúrò nílẹ̀ wa. Ohun tó sì ń yà mí lẹ́nu ni pé nílẹ̀ Nàìjíríà kan náà yìí, ní yunifásítì Redeemer's, yàrá àyẹ̀wò Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi wà lára àwọn tó fìdí àrùn náà múlẹ̀. Ìmọ̀ tòótọ́ wà nítòsí wa tó bẹ́ẹ̀. Iyọ̀ ló kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà.

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Bẹ́ẹ̀ ni ìròyìn orí fóònù rí: èyí tó ti yàrá àyẹ̀wò wá àti èyí tí ẹnì kan hùmọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, bákan náà ni lẹ́tà wọn ṣe dúdú. Nígbà tí Nàìjíríà gba àlejò ọ̀sẹ̀ mọ̀ọ́wá-mọ̀ọ́yẹ̀wò ti UNESCO ní Àbújá lọ́dún 2022, ọ̀rọ̀ ìfọkàntán ni wọ́n fi ṣe àkọlé. Mo gbóṣùbà fún wọn. Ṣùgbọ́n inú kíláàsì lásán-lásán, láàárọ̀ ọjọ́ Tuesday, ni ìfọkàntán ti ń hù.

Ọmọ wa kò gbé orí kejì rẹ̀ fún olùkọ́ ní ọjọ́ mẹ́wàá. Ó bẹ olùkọ́ rẹ̀, ó gba ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Ó fa igi lé gbogbo ojú ewé Ọ̀tan Ilé, ó yọ ìwé mẹ́ta tí kò sí láyé kúrò, ó padà lọ sọ́dọ̀ Bàbá lẹ́ẹ̀mejì, ó sì wọ ọkọ̀ Ìbàdàn. Ní ọjọ́ kẹta, nígbà tí oòrùn wà lórí, fóònù mi dún. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi ń sọ̀rọ̀, mo mọ̀ pé inú National Archives ló wà.

"Mọ́mì, mo kọ Otan, wọn ò rí nǹkan. Mo kọ Oshun tó ní h, wọ́n ní kí n dúró. Wọ́n ti gbé fáìlì kan fún mi báyìí."

"Ṣé Ọ̀tan tiwa ni?"

"Tiwa ni, mà. Ìlá wà níbẹ̀, Ìgbájọ wà níbẹ̀. Mo ti ń kà á." Ó dákẹ́ díẹ̀, mo ń gbọ́ bó ṣe ń ṣí ìwé. "Ṣùgbọ́n, Mọ́mì, ta ló kọ ọ́? Ó ń sọ ohun tí àwọn ará Ọ̀tan wí, kò sì dárúkọ ará Ọ̀tan kankan."

Mo gbé fóònù sí etí kejì, mo ní kó ṣí ojú ewé tó kẹ́yìn, kó bá mi wo ìbuwọ́lù.